Agbo Òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà àti ní Amẹ́ríkà

Kí ni à ń pè ní agbo òṣìṣẹ́? Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àti àwọn tó ń wáṣẹ́ ni. Bí àgbàlagbà 100 bá wà ládùúgbò kan, tí 60 ń ṣiṣẹ́, tí 10 sì ń wáṣẹ́, 70 ni agbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ti Nàìjíríà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 80 nínú 100. Ti Amẹ́ríkà kò tó 63. Ṣé a wá lówó jù wọ́n lọ ni? Rárá o. Owó ìfẹ̀yìntì ń bọ́ ọ̀pọ̀ arúgbó wọn. Ní Baruwa níhìn-ín, ìyá àgbà tí kò ní irú owó bẹ́ẹ̀ ní láti pàtẹ kí ó tó jẹun.

Ẹ tún wo òṣùwọ̀n. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tó wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni ìjọba wa ń kà sí aláìríṣẹ́. Láti 2023, wákàtí kan péré ti tó, bíi ti Amẹ́ríkà. Àìríṣẹ́ṣe tó jẹ́ 33.3 nínú 100 ní òpin 2020 sì di 4.1.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, kí á tó yọ̀ mọ́ iye kan, ẹ jẹ́ kí á bèèrè: wákàtí mélòó ni wọ́n fi ṣiṣẹ́, èló ni wọ́n sì gbà?