BÍ A TI Í PÍN GBÒǸGBÒ ÒDÒDÓ DÁHLÍÀ
Ilẹ̀ Mẹ́síkò ni òdòdó dáhlíà ti ṣẹ̀ wá. Gbòǹgbò rẹ̀ a máa wú bí ọ̀dùnkún, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe gé e bí a ti ń gé èbù iṣu.

Èbù iṣu a máa hù láti ara èèpo rẹ̀. Ti dáhlíà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọrùn rẹ̀ nìkan ni ojú wà, níbi tí gbòǹgbò ti so mọ́ ìdí igi rẹ̀. Bí ojú kò bá tíì hàn, ẹ má ṣe kánjú gé e. Ẹyọ tí kò bá ní ojú kò ní hù láéláé.

Ẹ gbìn ín níwọ̀n ínṣì 4 sí ibi tí oòrùn ń ràn, tí omi kì í dúró sí. Kí ó tó hù, ẹ má ṣe bomi rin ín púpọ̀, kí ó má baà rà.