Kókó Ọrùn: Ìtọ́jú Tí A Ń Fi Ooru Ṣe

Ẹ̀yin ìyá wa, ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó ń fi ìborùn bo kókó tí ó yọ sí wọn lọ́rùn. Ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ ni kì í jẹ́ kí wọ́n fi í han oníṣègùn. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

Kí ni ó ń fà á?

Ní iwájú ọrùn, lábẹ́ gògóńgò, ni ẹ̀yà ara kékeré kan wà tí ó rí bí labalábá. Tairọ́ìdì ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Òun ni ó ń darí bí ara ṣe ń lo oúnjẹ. Áyódíìnì ni ó fi ń ṣiṣẹ́ yìí. Bí kò bá rí i tó, ó lè wú di gẹ̀gẹ̀, kókó sì lè yọ nínú rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe sọ ọ́ di dandan ní Nàìjíríà ní ọdún 1993 pé kí a máa fi áyódíìnì sí iyọ̀. Kókó yìí wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀.

Àyẹ̀wò wo ni a ó ṣe?

1. A ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.
2. A ó fi ẹ̀rọ sikáànì wo inú ọrùn.
3. A ó fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa díẹ̀ nínú kókó náà fún àyẹ̀wò.

Bí kókó náà kò bá ní ewu, tí kò sì dí ẹni lọ́wọ́, a lè máa ṣọ́ ọ lásán.

Báwo ni a ṣe ń lo ooru?

Ní ọdún 2006, àwọn oníṣègùn ní Gúúsù Kòríà gbé ìròyìn ìtọ́jú yìí jáde. A ó kọ́kọ́ gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí ọrùn mọ ìrora. Kò ní sùn. Sikáànì yóò máa fi ọ̀nà han oníṣègùn bí ó ti ń ti abẹ́rẹ́ gígùn kan bọ inú kókó. Agbára iná mànàmáná yóò mú kí ẹnu abẹ́rẹ́ náà gbóná, yóò sì jó inú kókó. A kò ní la ọrùn. Kókó náà yóò máa sún kì díẹ̀díẹ̀. Láàárín oṣù 6 sí ọdún 1, ó sábà máa ń dín ju ìdajì lọ. Nítorí pé a kò gé tairọ́ìdì kúrò, ó sábà máa ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ó ní ewu tirẹ̀: ohùn lè há, ẹ̀jẹ̀ lè dà sínú ọrùn, nígbà mìíràn a sì ní láti tún un ṣe. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ni ó ti ń ṣe é. Gẹ̀gẹ̀ ńlá tí ó ti wọ inú àyà, iṣẹ́ abẹ ni ó tọ́ sí i. Bí ẹ bá lóyún, ẹ sọ fún oníṣègùn.

Ìkìlọ̀

Ẹ má ṣe fi omi gbígbóná tàbí irin gbígbóná tẹ kókó ọrùn nínú ilé. Awọ ara ni yóò bó, ooru náà kò ní dé inú kókó. Ẹ má ṣe sín gbẹ́rẹ́ sí i. Bí kókó bá ń yára dàgbà, tí ohùn há, tàbí tí oúnjẹ tàbí èémí kò lọ déédéé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó di ọ̀la kí ẹ tó lọ sí ilé ìwòsàn.