Lẹ́tà Tó Di Ìwé

Ọ̀pọ̀ agboolé ní agbègbè Ẹjìgbò ló ní ọmọ ní Àbíjàn. Kí fóònù tó dé, lẹ́tà ni a fi ń gbúròó wọn. Ẹni tí kò mọ̀wé a máa wá ẹni tí yóò bá a kà á, tòun ti àṣírí inú rẹ̀. Lónìí, a ó kà nípa ọkùnrin kan tí ó fi lẹ́tà ṣe ìwé.

Isaac Babalọlá Thomas ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní 1888. Iṣẹ́ tíṣà ló kọ́kọ́ ṣe. Ní 1928, ó dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ ní Èkó, ó pè é ní Akéde Èkó. Ẹ mọ akéde: òun ló ń lu agogo kiri ìlú. Bébà ni agogo ti Thomas.

Ní 1929, lẹ́tà arúgbó obìnrin kan, Sẹ̀gilọlá, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú rẹ̀. Ó ní àìsàn ti dá òun dùbúlẹ̀. Ó ní òun rẹwà púpọ̀ nígbà èwe, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni òun ń tọ̀ kiri títí ayé òun fi bàjẹ́. Ó ní kí àwọn ọ̀dọ́ fi òun kọ́gbọ́n. Àwọn òǹkàwé ń kọ̀wé sí Akéde Èkó nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbà pé ènìyàn gidi ni.

Bẹ́ẹ̀, kò sí Sẹ̀gilọlá níbì kan. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́! Ní 1930, ó kó àwọn lẹ́tà náà jọ di ìwé. Ọdún 8 lẹ́yìn náà ni ìwé Fágúnwà àkọ́kọ́ tó jáde. Thomas kú ní 1963.

Kí ló jẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́? Yorùbá tí wọ́n ń sọ lójoojúmọ́ ló fi kọ ọ́. Ó dárúkọ àdúgbò Èkó tí wọ́n mọ̀.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́: ọ̀rọ̀ kì í di òótọ́ nítorí pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Ẹ máa bèèrè pé: ta ló kọ ọ́? Kí ló ń wá? Èkejì: ẹni tó lè kọ lẹ́tà tó yéni ti fẹsẹ̀ lé ọ̀nà àtikọ ìwé.

Ìbéèrè
1. Iṣẹ́ wo ni Thomas ṣe kí ó tó dá ìwé ìròyìn sílẹ̀?
2. Ta ló kọ lẹ́tà Sẹ̀gilọlá?
3. Ẹ kọ lẹ́tà ìlà márùn-ún sí ẹnì kan tó wà lókèèrè. Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ lẹ́nu.