Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Òùngbẹ Ń Gbẹ Ọyẹ́



Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, a kò ní fi àkókò ṣòfò lórí ohun tí ẹ ti mọ̀. Ẹ mọ̀ pé ọyẹ́ ti dé. Ẹ jí láàárọ̀, ẹ kò rí àpáta tó wà lọ́ọ̀kán ilé yín. Eruku bo àga tí ẹ nù lálẹ́ àná. Ọlọ́kadà tó gbé yín wá da aṣọ bo imú. Òrí kò sì jìnnà sí ibùsùn ẹnikẹ́ni lásìkò yìí. Ẹ̀kọ́ òní kò sí nínú ìyẹn.

Ẹ̀kọ́ òní ni èyí: ọyẹ́ ń mu omi.

Ẹ jẹ́ ká tún un kà. Ọyẹ́ ń mu omi.

Kíláàsì tó ṣáájú yín ka gbólóhùn yìí, wọ́n sì kọ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀, wọ́n ní ó túmọ̀ sí pé ọyẹ́ tutù. Kíláàsì tó ṣáájú tiwọn náà sọ bẹ́ẹ̀. Rárá o. Òtútù òjò oṣù kẹjọ tutù, kì í la ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Òtútù wà nínú ọyẹ́ lóòótọ́, àmọ́ òùngbẹ rẹ̀ ló ń la ètè, òùngbẹ rẹ̀ ló ń la ẹsẹ̀.

Atẹ́gùn dà bí àlejò. Atẹ́gùn ìgbà òjò ń bọ̀ láti orí òkun, níhà Èkó àti Bàdágìrì. Ó ti mu omi yó kó tó dé Ṣakí wa níbí. Bí ẹ bá gbé àmàlà síwájú àlejò tó ti yó, á ní òun dúpẹ́. Ìdí nìyẹn tí aṣọ fi ń wà lórí okùn fún ọjọ́ méjì nínú oṣù keje, tí á sì máa rùn. Ọyẹ́ ní tirẹ̀ ń bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Púpọ̀ nínú eruku tó ń kó bọ̀ wá láti Bodélé ní ilẹ̀ Ṣáàdì, níbi tí adágún ńlá kan wà láyé àtijọ́ kó tó gbẹ. Láti ibẹ̀ dé Ṣakí ju 1,500 kìlómítà lọ. Àlejò yìí kò jẹun, kò mu omi. Ohun tó bá bá nílé wa ni yóò mu.

Kí ló ń mu? Omi ara aṣọ. Omi ètè. Omi koríko. Omi àmù tí a kò bò. Adágún Ìkéré nítòsí Ìsẹ́yìn, tí wọ́n sé Odò Ògùn fún, ọyẹ́ ń mu níbẹ̀ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe èlùbọ́ ló yẹ kó kọ́ wa ní èyí. Oòrùn máa ń ràn nínú oṣù kẹjọ nígbà mìíràn, síbẹ̀ bí ẹ bá sá gbodo, á bu. Oòrùn ọyẹ́ ńkọ́? Eruku bò ó lójú, síbẹ̀ gbodo á gbẹ táútáú lórí àpáta. Kì í ṣe oòrùn nìkan ló ń ṣe é. Ọyẹ́ ń mu omi.

A wá dé ibi tí wọ́n ti máa ń bá mi jiyàn: ara ènìyàn. Bàbá kan léṣìí ní, "Tíṣà, n kì í làágùn lásìkò ọyẹ́. Kí ni mo fẹ́ fi omi ṣe?" Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ní, bàbá, ẹ̀ ń làágùn. Kí òógùn yín tó kán ni ọyẹ́ ti mu ún. Ẹ kò rí i, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Èémí tí ẹ ń mí sóde, omi wà nínú rẹ̀. Ẹ kò rí i, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Bí ìtọ̀ yín bá pọ́n lọ́sàn-án, omi ti dín lára yín nìyẹn, bí òùngbẹ ò tilẹ̀ gbẹ yín.

Nítorí náà, ẹni tó ń lọ kọ ebè, kó gbé kẹ́ẹ̀gì omi dání. Ọmọdé tó ń ṣeré kì í rántí béèrè. Ẹ pè é, kó mu. Àgbàlagbà kì í fẹ́ yọ ọmọ lẹ́nu. Ẹ bu omi fún wọn láìjẹ́ pé wọ́n rán yín. Ẹni tó bá sì dé ìdí ẹ̀rọ omi, kó má fi garawa mẹ́wàá gba àyè nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ gbé ẹyọ kan dúró.

Bí omi ṣe ń lọ, ó ń gbé ooru lọ. Ìdí tí omi àmù fi ń tutù ju ti kẹ́ẹ̀gì lọ nìyẹn: amọ̀ ń jẹ́ kí omi díẹ̀ yọ sí ara àmù, afẹ́fẹ́ ń mu ún, ooru ń bá a lọ. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jìgáwà, bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọgbọ́n yìí ní ọdún 1995. Ó ki ìkòkò kan bọ inú èkejì, ó fi iyanrìn tútù sáàárín wọn, tòmátì àti ata sì ń pẹ́ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó bàjẹ́.

Koríko tí ọyẹ́ ti mu omi rẹ̀ tán, iná ló kù tó ń retí. Ẹni tó dáná sun igbó nítorí ọ̀yà kan, tí iná náà jó oko kaṣú ẹlòmíràn, ṣé ọ̀yà yẹn á tó san án? Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú kíláàsì yìí ń ṣe é. Mi ò dárúkọ.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: ẹ bu omi ife kọ̀ọ̀kan sínú abọ́ méjì tó dọ́gba. Ẹ bo ọ̀kan, ẹ ṣí èkejì sílẹ̀. Ẹ fi èédú fàlà síbi tí omi dé. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ kọ ohun tí ẹ rí, gbólóhùn kan péré.

Ìyá kan léṣìí ní ewúrẹ́ ló mu tòun. Mo ní kí wọ́n so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, kí wọ́n tún un ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n wọlé, wọ́n gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, wọ́n sì kọ ọ́ sójú pátákó pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀: Ewúrẹ́ kò jẹ̀bi.