Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Fóònù Tí Ń Fi Àwòrán Pamọ́ Fúnra Rẹ̀

Púpọ̀ nínú yín ló ti mọ bí a ṣe ń fi fóònù ya àwòrán. Ẹlòmíràn ya rìsíìtì ilẹ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn ya àwòrán ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé. Ẹ jẹ́ ká sọ pé akọ̀wé ẹgbẹ́ ya ìwé tí a kọ owó àjọ sí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí fóònù bá já sómi ńkọ́? Bí olè bá jí i ńkọ́? Bí ìwé àjọ náà bá tún sọnù, ta ni yóò wá sọ ẹni tó dáwó àti ẹni tí kò dá a?

Àgbẹ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ iṣu tán láìfi èbù pamọ́. Àwòrán wa náà yẹ kó ní èbù tirẹ̀.

Níbo ni èbù yìí yóò wà? Inú kọ̀ǹpútà ńlá kan tó wà lọ́nà jíjìn ni. Sáfà ni à ń pè é. Íntánẹ́ẹ̀tì ni àwòrán ń gbà dé ibẹ̀. Google Photos, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2015, máa ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bí a bá ti ṣètò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa gbé àwòrán lọ.

Bí a ṣe ń ṣètò rẹ̀ nìyí:

1. Ẹ ṣí Google Photos, kí ẹ fi àkáǹtì Google yín wọlé.
2. Ẹ tẹ àmì kékeré tó rí róbótó lókè lápá ọ̀tún. Àwòrán yín tàbí lẹ́tà orúkọ yín ló wà nínú rẹ̀.
3. Ẹ tẹ Photos settings, lẹ́yìn náà ẹ tẹ Backup. Ẹ tẹ bọ́tìnì tó wà níbẹ̀ kó lè tàn.
4. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Mobile data sí. Bí ẹ bá gbà á láàyè, dátà yín ni yóò máa jẹ. Bí ẹ kò bá gbà á, yóò dúró de Wi-Fi.
5. Àwòrán tí kámẹ́rà yà ni ó kọ́kọ́ máa ń gbé. Bí ẹ bá fẹ́ ti WhatsApp pẹ̀lú, ẹ tẹ Back up device folders, kí ẹ yàn án.

Ẹ má ṣe fọkàn balẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tún tẹ àmì róbótó yẹn. Bí ẹ bá rí Backup complete, ó ti gbé e tán.

Ẹ kíyè sí nǹkan mẹ́rin yìí:

Èkíní, àyè ọ̀fẹ́ jẹ́ 15 GB. Gmail àti Google Drive náà ń lò nínú rẹ̀. Bí ó bá kún, kò ní gbé àwòrán tuntun mọ́.

Èkejì, bí ẹ bá pa àwòrán rẹ́ nínú Google Photos, ó kúrò ní sáfà náà nìyẹn. Yóò wà nínú Trash fún ọjọ́ 60, lẹ́yìn èyí ó lọ pátápátá. Bí ẹ bá fẹ́ dín ẹrù fóònù nìkan kù, Free up space ni kí ẹ tẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ kọ páswọ́ọ̀dù yín sínú ìwé, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sílé. Ẹ má ṣe sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Òun ni yóò ṣílẹ̀kùn fún yín lórí fóònù tuntun. Èbù tí a kò mọ ibi tí a fi sí, kí ló yà á sọ́tọ̀ sí èyí tó ti jẹrà?

Ẹ̀kẹrin, àwòrán rìsíìtì kì í ṣe rìsíìtì. Ẹ tọ́jú ìwé gan-an pẹ̀lú.

Ẹ dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí:

1. Kí ni à ń pè ní sáfà?
2. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí 15 GB bá kún?
3. Bọ́lá fẹ́ kí fóònù rẹ̀ fúyẹ́, ó sì fẹ́ kí àwòrán wà ní sáfà. Kí ni kó tẹ̀?