Ẹni Kan Ló Máa Kà Á

Ọmọ mi, mo ti ka àròkọ tí o ní kí n bá ọ yẹ̀ wò kí o tó fi ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Kò sí àṣìṣe kan nínú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, ọ̀rọ̀ ńláńlá sì kún inú rẹ̀ bí iyọ̀ inú ọbẹ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọbẹ̀ sísè. Ohun tó dùn mí ni pé mo wá ọ títí nínú rẹ̀, n kò rí ọ.

Kí o tó bínú, jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. O mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jẹ́ olùkọ́ tó ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn nílé ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá àdìmíṣàn sókè òkun, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń wá fún lẹ́tà ìjẹ́rìí. Mo ní lẹ́tà kan nínú kọ̀ǹpútà, orúkọ nìkan ni mo ń pààrọ̀ níbẹ̀: ọmọ yìí gbọ́ràn, ó jára mọ́ṣẹ́, ó bọ̀wọ̀ fún àgbà. Lọ́dún kan, ọmọ mẹ́ta mú lẹ́tà yìí kan náà lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọbìnrin tó ń bá gbogbo àdúgbò tún rédíò ṣe. Bó bá ti iléèwé dé, á tú u palẹ̀ sórí ẹní, á sì máa kọ ohun tó bá rí sínú ìwé kékeré kan. Gbogbo wa ló mọ̀. N kò kọ ọ̀rọ̀ rédíò kankan sínú lẹ́tà rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kò wọlé. N kò lè búra pé lẹ́tà mi ló fà á, ṣùgbọ́n títí dòní, bí rédíò bá ń hó létí mi, òun ni mo máa ń rántí.

JAMB, àjọ tó ń ṣètò ìdánwò àtiwọ yunifásítì, ló kọ́ wa pé irú ọ̀rọ̀ rédíò bẹ́ẹ̀ kò já mọ́ nǹkan. Láti 1978 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, máàkì ni ọmọ Nàìjíríà mọ̀ sí àdìmíṣàn. Ẹ̀rọ á ka ìdáhùn rẹ, á fún ọ ní iye kan, iye náà á sì bá ọ ṣe gbogbo ìyókù. N kò bá wọn jà. Níbi tí ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ti ń jókòó ìdánwò lọ́dún kan, ta ni yóò ráyè béèrè ohun tí o fẹ́ràn láti fọwọ́ ṣe?

Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tí o ń wò yìí ráyè. Amherst, Williams, Swarthmore, Pomona, Bowdoin, Carleton, Grinnell: gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wọn, láti ọdún kìíní dé ìkẹrin, kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì lọ níbi kọ̀ọ̀kan. Bí irínwó ọmọ tuntun ló ń wọ Pomona lọ́dún kan. Inú ọgbà kan náà ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn á jọ máa gbé, wọ́n á jọ máa jẹun, olùkọ́ á sì mọ orúkọ wọn. Nítorí náà, bí wọ́n ṣe ń yan ọmọ dà bí bí ọ̀gá télọ̀ ṣe ń gba ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Ó lè béèrè ìwé mẹ́fà tí o jáde, àmọ́ ọwọ́ rẹ ló ń wò. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá o ní sùúrù fún abẹ́rẹ́, bóyá o lè bá àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù gbé.

Lọ ka bí wọ́n ṣe ń kọ́ni níbẹ̀, wàá rí i pé n kò purọ́. Ní Williams, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ méjì péré máa ń jókòó síwájú ọ̀jọ̀gbọ́n kan. Lọ́sẹ̀ yìí, ìwọ á kọ ìwé, ẹnì kejì rẹ á sì tú u wò, á sọ ibi tó ti mẹ́hẹ. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ó gba ipò ara yín. Ẹ̀yìn ta ni o fẹ́ sá pamọ́ sí nínú yàrá ẹni mẹ́ta? Ní Grinnell, yàtọ̀ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo lọ́dún àkọ́kọ́, kò sí ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi dandan lé gbogbo ọmọ lórí. Ìwọ pẹ̀lú olùkọ́ tó ń gbà ọ́ nímọ̀ràn lẹ máa jókòó ro ohun tí o máa kà. Ní Swarthmore, láti 1922 ni wọ́n ti ní ètò kan tí wọ́n ń pe àwọn ọ̀mọ̀wé láti ìta wá dán akẹ́kọ̀ọ́ wọn wò lójúkojú. Wọ́n tọ́ ìwọ dàgbà pé kí o má já ọ̀rọ̀ mọ́ àgbà lẹ́nu. Ẹ̀kọ́ rere ni, má sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n mọ̀ pé níbẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n tó bi ọ́ léèrè fẹ́ kí o jiyàn, bí o bá sì dákẹ́, á rò pé o ò ní nǹkan kan lọ́kàn ni.

Mo mọ ìbéèrè bàbá rẹ. Ó bi mí ní ọjọ́ Sọ́ńdè tó kọjá: "Kí ni wọ́n máa pè é tó bá ṣe tán? Ṣé dókítà ni àbí lọ́yà?" Mo ní kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó fẹ́ ṣe dókítà tàbí lọ́yà á kọ́kọ́ gba oyè àkọ́kọ́ ná, á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ yẹn. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré yìí, o lè ka ìṣirò àti orin pa pọ̀, kí o sì dúró dé òpin ọdún kejì kí o tó sọ èyí tó jẹ́ olórí ẹ̀kọ́ rẹ. Bàbá rẹ ní ọ̀rọ̀ náà kò dá òun lójú. Mo wá sọ ìtàn Kofi Annan fún un, ọmọ Kumasi, tó parí ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé ní Macalester, kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré ní Minnesota, ní 1961, tó sì di Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Mo fi Teju Cole, ọmọ Yorùbá tó dàgbà sí Èkó, kún un: Kalamazoo College ní Michigan ló ti jáde, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ó fi í sílẹ̀, ó di òǹkọ̀wé tí gbogbo ayé ń kà. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín, ó ní ti ẹni tó fi ìṣègùn sílẹ̀ yẹn kọ́ lòun fẹ́ gbọ́.

Jẹ́ kí a padà sórí àròkọ rẹ. Ọ̀rọ̀ 650 ni Common Application, fọ́ọ̀mù tí ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì jọ ń lò, fún ọ, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. O fi ọ̀rọ̀ Mandela bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, o ní o fẹ́ yí Áfíríkà padà, o dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, o parí. Fojú inú wo ẹni tó ń kà á. Ènìyàn ni, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ó ti ka ogójì ìwé lọ́jọ́ yẹn, ojú ń ro ó, tíì rẹ̀ ti tutù. Bó bá fẹ́ràn rẹ, òun ló máa gbé ọ̀rọ̀ rẹ dé iwájú ìgbìmọ̀. Kí ló fẹ́ wí fún wọn? Pé ọmọ yìí fẹ́ yí Áfíríkà padà? Ogún irú ẹ̀ ló wà lórí tábìlì.

Ṣùgbọ́n èmi mọ ohun kan nípa rẹ tí kò sí nínú ìwé yẹn. Èmi mọ ọmọ tó ń bá ìyá àgbà rẹ̀ ṣírò owó gàrí ní ọjà Bódìjà, tó ṣàkíyèsí pé gàrí tí wọ́n rà ní kóńgò mẹ́wàá kì í pé mẹ́wàá tí wọ́n bá délé wọ̀n ọ́n. Ọmọ náà yá kóńgò lọ́wọ́ ìyá mẹ́ta, ó fi omi inú ìgò wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rí i pé wọ́n ti tẹ ìdí méjì nínú wọn wọlé. Ó kọ iye omi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà sílẹ̀. Ó tún wá dákẹ́, kò pariwo àwọn ìyá náà lọ́jà, torí ó ní òun ò tíì mọ̀ bóyá àwọn náà ra kóńgò ọ̀hún bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ yẹn, bí wọ́n bá sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀, gbogbo wọn á gbórí sókè. Kí ló dé tí o fi í sílẹ̀ nílé, tí o wá rán Mandela lọ?

Mo mọ ohun tó dé. O rò pé ọ̀rọ̀ kóńgò kéré jù fún òyìnbó. Ìtìjú náà sì wà níbẹ̀, torí wọ́n ti kọ́ wa pé kí ènìyàn má fi ẹnu ara rẹ̀ yin ara rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní kí o yin ara rẹ. Sọ ohun tí o ṣe, kí ẹni tó ń kà á fi ẹnu ara rẹ̀ yìn ọ́. Ti ajẹ́ńtì tó ní òun á bá ọ kọ ọ́ fún owó, lé e jáde, kí o sì má gbé e fún ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé náà. Àwọn méjèèjì kò mọ Bódìjà.

Lẹ́tà ìjẹ́rìí náà, ọwọ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́ ni kí o ti gbà á. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí kò mọ̀ ju orúkọ rẹ lọ kò lè ràn ọ́ lọ́wọ́, bó ti wù kí oyè rẹ̀ gùn tó. Fún olùkọ́ rẹ ní oṣù kan gbáko, kí o sì kọ ìwé kékeré fún un láti fi rán an létí ohun tí ẹ jọ ṣe. Ká ní ọmọbìnrin rédíò yẹn ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi ni! Ti ìdánwò SAT, wo ojú ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan: láti 1969 ni Bowdoin ti sọ pé kò pọn dandan, àwọn mìíràn lè béèrè rẹ̀. Ipò ààrẹ ẹgbẹ́ mẹ́fà tí o kó jọ láàárín oṣù mẹ́ta, yọ márùn-ún kúrò.

Ó yá, ọ̀rọ̀ owó, mo sì fẹ́ kí bàbá rẹ jókòó tì ọ́ ka ibí yìí. Lọ́pọ̀ nínú àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wọ̀nyí, owó ẹ̀kọ́, ilé àti oúnjẹ ọdún kan ti kọjá 80,000 dọ́là. Ní náírà, ó ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ, ọdún mẹ́rin sì ni. Àmọ́ wọ́n lówó ìpamọ́ tí wọ́n fi ń ran ọmọ lọ́wọ́: wọ́n á wo ohun tí òbí lè san, wọ́n á fi tiwọn dí ìyókù. Amherst àti Bowdoin wà lára ìwọ̀nba díẹ̀ tí kì í jẹ́ kí àìlówó ọmọ ilẹ̀ òkèèrè dí i lọ́nà àtiwọlé. 2022 ni Bowdoin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ fún àjèjì. Níbi tó pọ̀ jù nínú ìyókù, iye tí o bá béèrè wà lára ohun tí wọ́n máa wò kí wọ́n tó gbà ọ́.

Nítorí èyí, àwọn òbí kan máa ń purọ́. Mo mọ bàbá kan tí kò fẹ́ kí òyìnbó pe òun ní tálákà. Níbi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè bóyá ọmọ ń fẹ́ ìrànwọ́, ó fàmì sí "Rárá". Ọmọ wọlé, wọ́n pa adìyẹ, wọ́n pe àwa àlejò. Nígbà tí bíìlì dé, ó wá kọ̀wé pé kí wọ́n ṣàánú òun. Wọ́n dáhùn pé ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tí kò bá béèrè ìrànwọ́ kó tó wọlé kò lè béèrè mọ́, òfin tó sì wà ní ọ̀pọ̀ nínú wọn nìyẹn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọmọ náà jókòó JAMB. Fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ owó tí wọ́n ń pè ní CSS Profile á bi òbí rẹ ní owó oṣù wọn, ilé wọn, ọkọ̀ wọn, ọmọ mélòó ló wà ní ọrùn wọn. Kí wọ́n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Bí o bá rí ọ̀kan tí o fẹ́ ju ìyókù lọ, ètò tí wọ́n ń pè ní Early Decision wà, tí ọ̀pọ̀ wọn ń ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ìdajì oṣù kọkànlá. Ẹ̀jẹ́ ni: bí wọ́n bá gbà ọ́, o ó lọ, àyàfi bí owó ìrànwọ́ wọn kò bá tó. Má tọwọ́ bọ̀ ọ́ láìtíì mọ ibẹ̀. Àárín oko àgbàdo Iowa ni Grinnell wà, àárín òkè ni Williams. Kofi Annan fúnra rẹ̀ máa ń sọ nígbà ayé rẹ̀ pé òun kọ̀ láti lo ìbòtí lásìkò òtútù Minnesota, torí kò wu òun lójú, títí etí òun fi fẹ́ẹ̀ já bọ́. Òun wá lọ ra èyí tó tóbi jù lọ́jà.

Ṣe JAMB rẹ pẹ̀lú. Ní Amherst, Swarthmore àti Pomona, kò tó ọmọ mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń gbà, ọ̀rọ̀ físà sì ń yí padà lójoojúmọ́. Yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó náwó.

Mo ti bá olùkọ́ ìṣirò rẹ sọ̀rọ̀ nípa lẹ́tà rẹ, mo ní kó má fi "ó gbọ́ràn" bẹ̀rẹ̀. Ìwọ náà lọ tún tìrẹ kọ. Gbé e wá ní ọjọ́ Sátidé, kí o sì bá mi mú kóńgò kan dání, èyí tí wọ́n tẹ ìdí rẹ̀. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i.