Okùn aláwọ̀ mẹ́ta: níbo ni pupa ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ ti rí okùn tí wọ́n fi ń wọn apá òsì ọmọ oṣù 6 sí oṣù 59. Bí apá kò bá tó sàǹtímítà 11,5, pupa ni: àìjẹunrekánú ti mú ọmọ náà gidi, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lónìí. Láti 11,5 títí kí ó tó 12,5, àwọ̀ ìyeyè ni: ẹ jẹ́ kí elétò ìlera wò ó. Láti 12,5 lọ sókè, àwọ̀ ewé ni.

Ṣé ní ojú ààlà yìí gan-an ni àìsàn ti ń bẹ̀rẹ̀? Rárá o. Apá 11,4 àti apá 11,6 fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà. Bí apá bá ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni ewu ikú ṣe ń pọ̀ tó, díẹ̀díẹ̀. Ènìyàn ló fa ààlà, kí a lè mọ ohun tí a ó ṣe. Tẹ́lẹ̀, 11 ni ààlà pupa. Ní ọdún 2009 ni OMS àti UNICEF gbé e sí 11,5.

Kí ló dé? Bí ààlà bá ròkè, a ó tọ́jú àwọn ọmọ kan tí ì bá yè láìsí ìtọ́jú náà. Bí ó bá wálẹ̀, ọmọ tó wà nínú ewu yóò jókòó sílé. Àṣìṣe méjèèjì kò dọ́gba: ọ̀kan gba ọjọ́ ọjà yín, èkejì lè gba ọmọ.

Okùn kò rí ẹsẹ̀ wíwú. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ orí ẹsẹ̀ ọmọ méjèèjì, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta. Bí ojú ibẹ̀ bá jìn sínú ní ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ má wo àwọ̀ okùn mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.